Ẹṣin Méjìlélọ́gọ́ta

Ẹṣin méjìlélọ́gọ́ta ni mo tà fún Urpo Karjula
ní oṣù kọkànlá, nígbà tí oòrùn Kuhmo
ń yọjú bí ajigbèsè, tó sì ń tètè sá wọlé.
Wọn ò jẹ koríko. Wọn ò yán.
Inú páálí ni wọ́n bá wá láti Jámánì:
tọ́bò kan, páìpù mẹ́ta,
ìwé ìlànà tí n kò kà tán.

Ọdún méjì ló fi tọ́jú owó iṣẹ́ ilé ìlagi.
Ọkọ̀ rẹ̀ pupa, ìjókòó méjì péré,
ó rẹlẹ̀ débi pé ajá mi ń wò ó lójú kò-ró.
"Kò lágbára tó," ló ń wí,
"ó ń já mi kulẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti yà."
Mo mọ ibi tí ọ̀nà ti yà. Mo mọ Urpo pẹ̀lú.
Ṣùgbọ́n oníyọ̀ kì í sọ fún oníbàárà
pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti dùn.
Mo gbowó. Mo ká apá aṣọ sókè.

Ní oṣù kejì, adágún di ilẹ̀.
A fi katakata họ yìnyín ojú rẹ̀,
a la ọ̀nà kan tó lọ́ bí ìfun àgùntàn,
a gbé kọfí sórí tábìlì, a fi aago sọ́wọ́ Pirjo.
Urpo ló kọ́kọ́ lọ.
Á! Ariwo yẹn dùn mọ́ mi nínú, kí n má purọ́,
iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń ké lórí omi dídì.
Gbogbo ẹṣin fò lẹ́ẹ̀kan náà,
kálukú sí ibi tó wù ú.
Táyà ń yí, ọkọ̀ ò kúrò;
nígbà tó máa kúrò, ìdí ló ṣíwájú.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kì orí bọ òkìtì yìnyín,
ẹ̀ẹ̀mẹta la fi okùn fà á jáde.
Bí ẹṣin bá dani, à á tún un gùn ni,
ṣùgbọ́n méjìlélọ́gọ́ta ló da Urpo papọ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni Pirjo kọ sílẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni Hilkka Tervonen dé,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé lẹ́tà kiri
àwọn abúlé tí a kì í họ yìnyín ọ̀nà wọn.
Ọkọ̀ rẹ̀ kò ju àádọ́ta ẹṣin lọ,
mẹ́ta nínú wọn á sì ti kú.
Ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ onírun ló fi wà á.
N kò rí ohun tí mo lè ròyìn.
Ó ká ẹsẹ̀ kò kí ọ̀nà tó yà,
ó dúró de ọkọ̀
bí ẹni ń dúró de ọmọ tó ń so okùn bàtà;
ìgbà tí imú rẹ̀ rí ọ̀nà ló tó fún un lépo,
díẹ̀,
díẹ̀ sí i.
Ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógójì.
Ó bèèrè bóyá kọfí kù.

Urpo yọ́ wá bá mi: "Ká fi ogójì ẹṣin kún un ńkọ́?"
Ọkọ́ mímú kò sọ ọ̀lẹ dàgbẹ̀:
ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi,
mo fi kọfí gbé e mì.
Hilkka ló dá a lóhùn.
"Ẹsẹ̀ rẹ ló dẹ́ṣẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò mọwọ́mẹsẹ̀.
Wọlé sí tèmi."
Ó fi ìbọ̀wọ́ bo aago eré, ó ní kó máa fetí wà á.
Wọ́n ń yí títí ilẹ̀ fi ṣú,
Sátidé yẹn, àti gbogbo Sátidé
títí adágún fi gba ọ̀nà rẹ̀ padà.

Ní oṣù karùn-ún, Urpo bèèrè
iye tí màá gbà láti tú tọ́bò kúrò.
Mo dá iye lé e. Ó wo ọkọ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
"Jẹ́ kó wà," ó ní. "Màá dàgbà bá a."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi tí mò ń ta ẹṣin,
mo bọ́ bàtà nínú ọkọ̀ mi.
Bíréèkì tutù bí ẹja.
Ogún ọdún ni mo ti ń gba ọ̀nà ilé mi,
n kò mọ̀ pé ó máa ń sọ̀rọ̀
kó tó yà.