Ọ̀já Dúdú Méjì

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ,
ojú á rẹ̀ ọ́ kí o tó wò ó dópin.
Àlìkámà ti wọ àká, yìnyín ti gba oko,
Yorkton dákẹ́ bí ẹni tó pọnmi sẹ́nu.
Oṣù Kejìlá yẹn ni ìyá àgbà mi, Paraska,
kó owó ẹyin adìẹ ọdún mẹ́ta jáde nínú agolo bisikíìtì,
ó ra amóhùnmáwòrán ínṣì márùndínlọ́gọ́ta.
Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Ajá sá sábẹ́ àga.

A jókòó. Fíìmù bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀já dúdú kan lókè, ọ̀já dúdú kan nísàlẹ̀,
àwòrán há sáàárín
bí ẹni tó ń yọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn.
"Ta ló gé fíìmù mi jí?" ni Paraska wí.
"Odindi ni mo sanwó rẹ̀.
Ṣé dúdú ni mo rà ni?
Bí mo bá fẹ́ wo dúdú, ṣé mi ò ní fèrèsé ni?"
Ó tẹ ilé ìtajà láago. Wọ́n ní kò bàjẹ́.
Ó tún tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Àbúrò mi Zenon gba rìmóòtù,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò sóhun tí kò mọ̀.
Ó tẹ ibì kan, àwòrán wú,
ó wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti wọ̀,
ó bo ọ̀já méjèèjì mọ́lẹ̀.
Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nínú fíìmù náà, ọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin
jókòó sí ìpẹ̀kun méjì tábìlì gígùn,
wọ́n ń jà sí ogún bàbá wọn.
Ní báyìí, tábìlì nìkan la rí,
imú kan, àti ọwọ́ kan tó di ife mú.
Imú ń bú ọwọ́. Ọwọ́ ń dá imú lóhùn.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí;
ta ló wá ní ká fi àbọ̀ ojú hàn án?
"Ta ló ń sunkún?" ni Paraska béèrè.
Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Zenon tún tẹ ibòmíràn.
Ìyẹn na gbogbo wọn gùn sókè, ẹsẹ̀ wọn di ti lékeléke.
Irú rẹ̀ ló ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn òbí wa lọ́jọ́ kan,
ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kún:
ìyàwó sanra, ọkọ sanra, òrùka fẹ̀ bí ẹyin.
Ìyá mi kò tíì dárí jì í.

Bàbá àgbà Metro ò tíì sọ nǹkan kan.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi yí fíìmù ní sinimá ìlú,
kí ibẹ̀ tó di ilé ìtajà táyà.
Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó gba rìmóòtù,
ó dá àwòrán padà sí bó ṣe wà.
Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò padà sídìí tábìlì,
àlàfo ńlá láàárín wọn.
Àlàfo yẹn gan-an ni ìjà wọn.

Ó ní, "Aṣọ dúdú wà ní sinimá wa náà.
Èmi ni mo máa ń fà á dé etí àwòrán,
kí ìmọ́lẹ̀ má baà dà nù.
Alaalẹ́ Sátidé lo jókòó síwájú rẹ̀, Paraska, fún ọdún mọ́kànlá,
o ò rí i rí."
"Kí ló dé tí n kò fi rí i?"
"Gbogbo ilé ló ṣú."

Ó pa iná.
Ọ̀já òkè wọnú àjà lọ,
ọ̀já ìsàlẹ̀ ṣàn lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì,
ògiri lọ, àga lọ, ajá lọ,
ó ku ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, fífẹ̀,
bí oko wa láàárọ̀ kùtù
nígbà tí oòrùn ń yọ tí òkè ọ̀run ṣì ṣú dẹ̀dẹ̀.
Mo gbọ́ bí ọwọ́ kan ṣe ń wá ọwọ́ kejì kiri lórí àga.

Ó pẹ́.
Lẹ́yìn náà, láti inú òkùnkùn:
"Síbẹ̀, mo sanwó dúdú yẹn o, Metro."