Òrùlé Tí Ìràwọ̀ Ń Yọjú

Oṣù Ọ̀wàrà ni. Àgbàdo ti gbẹ lórí àjà,
iṣu tuntun ti sú ọmọdé.
Elieseri, Júù tó wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ,
tó gba yàrá kan nílé wa n'Ísàlẹ̀ Àfọ́n,
ní kí n bá òun wá imọ̀ ọ̀pẹ.

Òpó mẹ́rin. Aṣọ ìbusùn ló fi ṣe ògiri.
Ó to imọ̀ sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ wò ó,
ó tún gòkè, ó yọ díẹ̀ kúrò.
Làmídì káfíńtà ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà:
"Òrùlé yìí á jò kí òjò tó dé!"
Elieseri ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.
Òrùlé tí ìràwọ̀ ò bá lè yọjú wo abọ́ oúnjẹ ẹni,
ilé ni, kì í ṣe àgọ́.
Ọjọ́ méje ni àwọn fi ń jẹun níbẹ̀,
nítorí àwọn baba wọn tó jáde ní Íjíbítì láìnílé.

Ó ṣí àpótí kan. Òwú. Nínú òwú, èso kan:
kì í ṣe òróǹbó, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́,
òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.
Mo nawọ́ sí ṣóńṣó orí rẹ̀, ó ké mọ́ mi.
Bó bá kán, kò wúlò fún àdúrà mọ́.
Ó di màrìwò tí kò tíì là mọ́ ewé méjì,
ó mì ín síwájú, sẹ́yìn, sókè, sílẹ̀.
Adìẹ sá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni Màmá Tàmálè
gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọnú àgọ́.
Ó fọwọ́ pa ògiri aṣọ náà.
"A gbé inú irú èyí rí.
Wọ́n ní kí gbogbo àjèjì fi Gánà sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rìnlá.
Ilé oníyàrá mẹ́fà la tì, a mú kọ́kọ́rọ́ dání.
Ìró mi méjì la ta sórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà,
òru mọ́kànlá.
Ibẹ̀ ni mo bí bàbá ọmọ yìí sí.
Ihò ara ìró ni mo fi ń ka ìràwọ̀ kí n má baà pariwo."

Elieseri dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní
alaalẹ́ làwọn ń pe baba ńlá kan wá jẹun.
Jákọ́bù ló kàn. "Ta ni kí n pè fún yín?"
"Pe Oyèlọ́wọ̀.
Ọkọ mi ni. Kò bá wa délé."
Mo gbé abọ́ kan kalẹ̀ fún un.

Àrọ̀kúrò dé láìkù.
Elieseri dìde: bí òjò bá ti ba ọbẹ̀ jẹ́,
òfin gbà ká wọlé.
Màmá ò mira.
"Ẹ máa lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbí."
Elieseri padà jókòó.
Fìtílà kú. Kò sí ìràwọ̀ kankan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lówùúrọ̀, abọ́ Oyèlọ́wọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú.
Adìẹ kan wá, ó ń mu ún.
Màmá ò lé e.