Ohùn Tó Ṣẹ́kù

Bísíríyù gbé páálí kan wá sí ìsọ̀ mi ní Òkè-Bọ́là,
ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun,
ó ní, "Sísí Oníwáyà, wò ó,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wátì ni wọ́n kọ sí i lára."
Mo ní mo rí i.
Wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ ọ́, wọ́n ya iná sí ìdí rẹ̀.
Páálí kì í sanwó irọ́ tó bá pa.

Mo dojú wúfà délẹ̀, mo nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀,
mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá òǹkà kékeré
tí ojú kì í tètè rí:
irínwó wátì, léraléra, láìsinmi.
Ìyẹn ni agbára rẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn, ìgbà tó bá sín ni.
Ta ní í fi sísín wọn èémí èèyàn?

Mo ní kó lọ ra ámpù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta,
ọ́ọ̀mù mẹ́rin, bí ti wúfà gan-an.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbèsè Máíkírà òun ò tíì tán,
àti pé ẹ̀rù ń ba òun kí agbára má baà fọ́ ọ.
Ògùnpa ló lọ, ó ra ọlọ́gọ́rùn-ún,
kò fi bẹ́ẹ̀ ju búrẹ́dì olówó pọ́ọ́kú lọ.
"Èyí ò lè pa á lára láé," ó wí.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ó padà dé.
Kó tó sọ̀rọ̀ ni òórùn ti wọlé:
kọ́ìlì tó jóná, ẹni tó bá gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé,
bí irun, bí ọ̀dà, bí ìkòkò ẹ̀wà tí a fi sílẹ̀ lórí iná.
Láti Mọ́kọ́lá ló ti ń rùn bọ̀.
Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀ láìsanwó.

"Báwo ni kékeré ṣe jó ńlá?"
Mo fà á jókòó sórí táyà.
Mo ní, Bísírí, o yí nọ́bù rẹ̀ dé òpin, àbí?
Ó dákẹ́.
Bí ọlọ́gọ́rùn-ún bá ń pariwo bí ẹlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta,
ohùn rẹ̀ a gé lórí, a gé nísàlẹ̀,
ìgbì tó yẹ kó rí roboto bí òkè Mápó
a tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí dẹ́kìn,
kọ́ìlì ò ní ráyè mí,
ooru a máa kójọ, a máa kójọ.

Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo rántí bàbá mi,
ọ̀gá iléèwé ní Mọ́níyà, tí ohùn rẹ̀ ń dé
láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì dé ìdí máńgòrò lódìkejì pápá.
Kò pariwo mọ́ wa nílé rí.
A mọ̀ pé ohùn ṣẹ́kù; ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn.
Àbúrò rẹ̀, tí tirẹ̀ kò tó nǹkan,
ariwo ló fi ń jí, ariwo ló fi ń sùn.
Ìyàwó méjì ló kó ẹrù jáde nínú ariwo yẹn.
N kò sọ èyí fún Bísíríyù.
Mo ní kó lọ wá owó.

Ó dé ní ìparí oṣù pẹ̀lú wúfà mìíràn àti ẹlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Mo fa wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò láti ìdí bátìrì,
mo fi fíúsì sí i lẹ́nu,
mo ha ọ̀dà ara irin kúrò títí ó fi ń dán.
Ó tún na ọwọ́ sí nọ́bù. Mo gbá a lọ́wọ́:
ìdajì ni. Ibẹ̀ ni kó dúró.

A wa ọkọ̀ gba Òkè-Àdó nírọ̀lẹ́.
Gíláàsì ẹ̀yìn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn náà mọ́,
ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń ronú.
Ìyá àgbà kan wọlé ní Mọ̀lété, ó gbé ọwọ́ láyà:
"Awakọ̀, kí ló ń lù mí láyà báyìí?"
Bísíríyù dín in kù.
Ohùn náà kéré, kò sọnù.
"Ó ṣẹ́kù, Màmá," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú díńgí.

Owó iṣẹ́ mi náà ṣẹ́kù.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, títí di òní.