Olójú-Kan

Nílé wa, ọmọ ewúrẹ́ nìkan ló ni ọmú ìyá rẹ̀.
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Verlene lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wa tánkà wàrà
dé ẹsẹ̀ òkè wọn ní Kẹ́ntọ́kì;
ó rẹ́rìn-ín títí korobá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù.

Òkè náà ò lórí mọ́.
Iléeṣẹ́ èédú bẹ́ ẹ, ó kó èédú lọ, ó fi ẹ̀gún sílẹ̀;
ọkọ Verlene fi ìdajì ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ síbẹ̀.
Màlúù kọ ẹ̀gún. Ewúrẹ́ ò kọ̀.

Ogún ni ó ń fi ọwọ́ fún tẹ́lẹ̀, títí ìka rẹ̀ fi wú.
Ẹ̀rọ ló ń fún un báyìí, ṣùù, ṣùù,
Darla ọmọ rẹ̀ ń ka jálá lójú fóònù,
nọ́ńbà wà létí ẹran kọ̀ọ̀kan.
Ìyá ṣì ń pè wọ́n lórúkọ:
Bísíkíìtì, Ìyàwó Pásítọ̀, Olójú-Kan.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ní kí n má yà síbẹ̀ mọ́:
ọ̀nà jìn, wàrà kéré, epo wọ́n.
Mo jíṣẹ́.
Verlene nu ọwọ́, kò fọhùn.
Darla ló ní, "A ó sọ ọ́ di wàràkàṣì."

Lánàá mo fi mọ́tò ara mi yà síbẹ̀.
Verlene gé díẹ̀ fún mi; ó rọ̀, ó kan,
ó sì gba owó rẹ̀, kò dín sẹ́ńtì kan.
Nínú ilé, ẹnì kan ń wúkọ́.
Olójú-Kan na ọrùn,
ó jẹ rìsíìtì mi.