Mo Gbà

Ọgọ́ta ẹjọ́ ni olùkọ́ mi ní kí n kà
ní kóòtù kékeré kan lẹ́yìn Òkè Pópó:
kí n kọ aago tí adájọ́ wọlé,
aago tó dìde,
iye ìgbà tí wọ́n ní "Ẹ padà wá."
Kí n jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn,
kí n má dá sí ohunkóhun.
"Ojú ni kí o mú lọ," ni wọ́n wí,
"fi ẹnu sílẹ̀ ní Akọka."

Mo mú ojú lọ.
Mo mú ìwé alálà méjì, bírò mẹ́ta,
ìdajì búrẹ́dì nínú ọ̀rá dúdú.
Fáànù àjà ń yí bí ẹni tí wọ́n fagbára mú.
Fáìlì ga lórí tábìlì akọ̀wé
débi pé ohùn rẹ̀ nìkan ló ń yọ sí wa.
Ẹjọ́ kìíní: agbẹjọ́rò kò wá. Ẹ padà wá.
Ẹjọ́ kẹrin: wọn kò rí fáìlì. Ẹ padà wá.
Ẹjọ́ kẹsàn-án: iná lọ.
Mo ń fa ìlà, mo ń fa ìlà,
ìwé mi dà bí àyà ẹni tí wọ́n sín ní gbẹ́rẹ́.

Ẹjọ́ kẹtàlélógójì ni ti ìyá náà.
Onílé ní ó jẹ owó ọdún méjì.
Bàtà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wọ̀,
ó ń lù pàtì pàtì lórí símẹ́ǹtì.
Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì tó fọ̀ dán.
Kò sẹ́ni tó ní kó ṣí i.

Wọ́n na ìwé kan sí i:
"Ṣé ẹ mọ èyí?"
Ìwé "kó jáde" ni,
èyí tí ọmọ onílé tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀
lọ́jọ́ tí Iléyá ku ọ̀la.
Ó wò ó. Ó ní, "Mo gbà á."
Ó tún sọ ọ́ sókè: "Mo gbà."

Ògbufọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀,
ọ̀fun rẹ̀ ti há, ó ti mu omi ọlọ́ràá mẹ́ta.
N kò ní pè é ní òpùrọ́.
Ó yí ọ̀rọ̀ náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́,
ohun tó sì bọ́ sí òdìkejì ni pé
ìyá jẹ́wọ́, gbèsè wà lọ́rùn òun.

Gbà tí à ń gba lẹ́tà,
gbà tí à ń gba ẹ̀bi,
ẹnu kan náà ni wọ́n ń bá jáde.
Mo gbọ́ bí gègé adájọ́ ṣe ń họ ìwé.

Mo dìde díẹ̀.
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: díẹ̀ ni.
Bẹ́ǹṣì ké. Ọlọ́pàá wò mí.
Mo rántí fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí,
mo rántí bàbá mi tó ń tún fíríìjì ṣe ní Èbúté Mẹ́ta,
tó ń pè mí ní lọ́yà láti ọdún kìíní.
Mo jókòó.
Mo kọ ọ́ sí ìlà kẹtàlélógójì:
Ìtumọ̀ kò bá ọ̀rọ̀ mu.
Ọwọ́ mi kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Níta, ó bi mí bóyá akọ̀wé ni mí.
Mo ní rárá, ìwádìí ni mò ń ṣe.
"Kí lo wá rí?"
Mo fún un ní búrẹ́dì mi.

Dókítà Ṣówándé ka orí kẹrin,
ó ní ẹjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí,
kí n sọ ọ́ di àlàyé ìsàlẹ̀ ewé.
Ibẹ̀ ló wà, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ìjàlọ.
Ìlànà ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀,
Olùjẹ́jọ́ 43 ló ń jẹ́ níbẹ̀.
Ní Òkè Pópó, Sẹ̀nábù Àwẹ̀ró ni.

Lánàá mo lọ mú ìwé tí wọ́n dì,
èèpo pupa, orúkọ mi ní àwọ̀ wúrà.
Ọkùnrin tó wà ní káńtà ti rẹ́jísítà síwájú mi:
"Ṣé o ti gbà á?"
Mo ní mo gbà.
Bírò náà kọ́kọ́ kọ̀, kò yọ.