Ọwọ́ Òsì Ni Ẹlẹ́rìí

Ọjọ́ tí iná lọ ní Alábàtà,
tí jẹnẹrétọ̀ wa húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì dákẹ́,
ìpara àkọ́kọ́ pínyà nínú ìgò:
òróró lókè, omi nísàlẹ̀,
bíi tọkọtaya tí ẹjọ́ wọn ti dé kóòtù Aké.
Dókítà Ṣólàdóyè ní, "Ṣíjúadé, dà á nù. Ooru ti jẹ ẹ́."
N kò tètè dà á nù.
Owó oṣù méjì ló wà nínú ìgò yẹn.

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ń ṣe é fún.
Ogójì ọdún nídìí ìkòkò aró ní Kẹ́mta,
ẹlú lábẹ́ èékánná, sóòdà láàárín ìka,
àtẹ́lẹwọ́ tó là bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nínú ọyẹ́.
Bó bá fọwọ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, á fi eyín ge ètè.
Ó ti fi òrí pa á, ó ti fi adín àgbọn pa á.
"Àlejò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn," ó ní.
"Wọ́n á jókòó, wọ́n á dán, wọn ò ní wọlé."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe lìpósóòmù nílé wa?
Mo jókòó tì í lórí àpótí, mo ní,
"Màámi, ibi tí ẹ bá fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sí lára aṣọ,
ṣé ó ń mu aró?"
"Kì í mu ún."
"Ẹ̀kọ wà lára àwa náà. Ọ̀rá ni, ó tò bí odi,
òun ni kì í jẹ́ ká rọ̀ bíi búrẹ́dì
bí a bá wọ odò Ògùn.
Ìpara tí ẹ bá fi pa á, ẹ̀yìn odi ló ń sùn."

Ó dákẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ omi aró wò.
"Sóòdà ńkọ́? Sóòdà wọlé."
"Olè ni sóòdà, Màámi. Ó wó odi ni."

"Èyí tí mò ń ṣe, ọ̀rá kan náà ni mo fi mọ ilé,
ilé tín-ín-tín, ẹgbẹ̀rún wọn á gba orí imú abẹ́rẹ́.
Oje kan tí ìwúkàrà pọn fún wa nínú ìgò
ni mo tì mọ́ inú yàrá rẹ̀.
Bó bá dé ẹnu odi, odi á wò ó, á rí ìran ara rẹ̀.
Ọmọ ilé kì í kan ilẹ̀kùn."

Àǹtí Ẹfúnbọ̀wálé yọrí lójú fèrèsé:
"Ṣé ó máa ń sọni di pupa?"
"Rárá, mà."
"Kí ló wá wà fún?"

Ìgò kejì dúró.
Mo gbé e wálé lórí ọ̀kadà, nínú kúlà yìnyín.
Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Màámi fi pa.
Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.
"Bí mo bá fẹ́ dán aró tuntun wò,
ṣé gbogbo aṣọ ọjà ni mò ń rì bọ̀ ọ́?
Jẹ́ kí òsì jẹ́rìí."
Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ mi ní èyí ní yunifásítì.

Ọjọ́ kọkànlélógún, ó na ọwọ́ síta
sí òòrùn tó ń ti ẹ̀yìn Olúmọ yọ.
Ọ̀tún ti pa ẹnu dé,
àfi ojú kan ní àtàǹpàkò tó ṣì ń yanu sí mi.
"Ẹlú ò lọ," ó ní.
"N ò rán an níṣẹ́ yẹn, Màámi."
"O ṣeun. Àwọ̀ mi nìyẹn.
Awọ ni mo ní kó o bá mi tún ṣe."

Lóru mo gbọ́ tí ìdérí ìgò ń dún ní yàrá rẹ̀.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọwọ́ òsì ń dán.
N ò bi í léèrè.
Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi, mo kọ déètì sí i, mo kọ:
ẹlẹ́rìí ti gba rìbá.