Epo Tán Kí Fíìmù Tó Parí

Aṣọ ìbùsùn funfun ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé
ni a so mọ́ igi àjà gbọ̀ngàn,
igi àjà tó kù, nítorí ìjì Ẹrẹ́nà
ti gbé páànù lọ sínú oko kòkó ẹni ẹlẹ́ni.
Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ló gbé ẹ̀rọ wá láti Àkúrẹ́,
ó ní, "Ẹ wá wo bí olùkọ́ rere ṣe ń rí."
Ògòtún dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí.

Nínú fíìmù náà, tíṣà kan wọlé,
kóòtù rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán,
àwọn ọmọ aláìgbọràn ń ju pépà lù ú.
Kò pẹ́, ó gun orí tábìlì,
ó sọ ọ̀rọ̀ kan, dùùrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà;
ẹni tí kò dá álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀
ti ń kàwé ketekete kí a tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ wa tán.
A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.
Mo bojú wẹ̀yìn wo Tíṣà Fápóhùndà:
ó jókòó sórí agolo ọ̀dà tó dojú dé,
ó ń fi iná ojú aṣọ náà
máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá wa.

Tíṣà wa kò gun tábìlì rí.
Tábìlì wo? Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, bíríkì ni ìkẹrin.
Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, á gún èédú inú bátìrì tó ti kú
mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, á fi kun pátákó,
ọwọ́ rẹ̀ á dúdú títí di Ọjọ́rú.
Owó oṣù rẹ̀ dà bí àlejò tó ní òun ń bọ̀:
a ti gbálẹ̀, a ti bu omi tutù sílẹ̀, kò yọjú.
Ó sì máa ń kanra, kí n má parọ́.
Ó na Òjúolápé lẹ́gba mẹ́fà nígbà kan
lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́, ó mọ̀, kò bẹ̀ ẹ́.
Ó ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì tuntun sí méjì,
ó fún un ní ìdajì tó gùn.

Ibi tí tíṣà inú fíìmù ti fẹ́ ka èsì ìdánwò,
tí gbogbo ọmọ ti dìde dúró,
jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Epo tán.
Òkùnkùn. Ẹ̀fọn. Aṣọ ìbùsùn padà di aṣọ ìbùsùn.
"Sà, ṣé wọ́n yege?"
"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?"
Ó tan tọ́ọ̀ṣì. "Ìṣirò kẹrin, ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ ṣì í.
Ẹ sún mọ́ ibí."

Lọ́dún náà, àwa mọ́kànlá la jókòó ṣe ìdánwò.
Mẹ́ta yege. N kò sí nínú wọn.
Dùùrù kankan kò dún.
Èyé mi ká ẹní tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta hun,
ó gbé e lọ tà, kí n lè tún ìdánwò ṣe.

Òjúolápé kò padà wá.
Bí ẹ bá bá a nídìí ẹní lónìí,
ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń ka iko lábẹ́ ètè:
pupa méje, dúdú mẹ́ta, pupa méje,
ìlọ́po tí kì í ṣì í.
Bóyá ẹgba ló kọ́ ọ, bóyá ìdajì ṣọ́ọ̀kì.
N kò bi í.

Mo ti wo ìparí fíìmù náà,
lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Adó.
Gbogbo wọn yege. Wọ́n gbé tíṣà náà sí èjìká.
Mo pa fóònù.
Mo ń wá ibi tí ayàwòrán gbé rántí
ọkùnrin kan lẹ́yìn èrò, lórí agolo ọ̀dà,
tí ìmọ́lẹ̀ ìtàn ẹlòmíràn ń tàn sórí ìwé wa,
bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀,
tó ń kọ *Tún un ṣe*,
tó ń kọ *Tún un ṣe*,
tó dé orí ìwé tèmi, tó dúró díẹ̀,
tó kọ *Ó kù díẹ̀*.